"Ẹ̀sìn Ọlọ́run kan" kọ́ ló yẹ ká pè é

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìsánlú ló dá a lábàá pé nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí à ń ṣe, ká máa pe monotheism, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́run ò ju ọ̀kan lọ, ní "ẹ̀sìn Ọlọ́run kan", wọ́n ní àwọn baba wa ti ń ṣe é kí míṣọ́nnárì Titcombe tó gbé ìwàásù ìjọ SIM (Sudan Interior Mission) dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, àti pé "ìgbàlà" nìkan lohun tuntun tí ṣọ́ọ̀ṣì mú wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo "kan" yẹn ná. Téèyàn bá ní "ọkùnrin kan wá bi yín", ṣé ohun tó ń sọ ni pé ọkùnrin míì ò sí láyé? Ó yẹ kí "ṣoṣo" wà ńbẹ̀, ó kéré tán. Àwọn Mùsùlùmí tiwa tiẹ̀ ń sọ pé "mímú Ọlọ́hun lọ́kan", ìyẹn dùn létí jù.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni pé nǹkan méjì ni wọ́n ń dà pọ̀. Ó yàtọ̀ kéèyàn sọ pé "Ọlọ́run tiwa nìkan la máa sìn", ó sì yàtọ̀ kó sọ pé "òmíràn ò sí rárá". Òfin àkọ́kọ́ nínú Ẹ́kísódù 20 ní kí Ísírẹ́lì má ní ọlọ́run mìíràn, kò ní kò sí. Sáàmù 82 tún ní Ọlọ́run ń ṣèdájọ́ láàárín àwọn ọlọ́run. Ní 1975 sí 1976 tí wọ́n walẹ̀ ní Kuntillet Ajrud ní Sínáì, ohun tí wọ́n bá lára ìkòkò ni àdúrà tó fi Yahweh, Ọlọ́run Ísírẹ́lì, àti Asherah, òrìṣà obìnrin kan, súre fúnni pọ̀. Àfìgbà tó di Àìsáyà 45, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sọ pé ìgbà ìgbèkùn Bábílónì ni wọ́n kọ ọ́, ibẹ̀ ló ti là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ẹlòmíràn, ẹ wá wo ohun tó wà nínú ẹsẹ 22 kan náà o: kí gbogbo òpin ayé kọjú sí òun kí a lè gbà wọ́n là. Ọlọ́run ìlú kan á gba ìlú ẹ̀ là, ó tán, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, ta ló tún kù tó máa gba àwọn tó kù? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìgbàlà ò ṣeé yọ sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìjà tí Tylor, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní 1871 pé àwọn ẹ̀mí ni wọ́n kọ́kọ́ ń sìn kó tó kan ọlọ́run púpọ̀ kó tó wá di ọ̀kan, tí àlùfáà Kátólíìkì Wilhelm Schmidt fi ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1912 ta kò pé ọ̀kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ wà, èdè tí ò bá ya "ọ̀kan la máa sìn" àti "ọ̀kan ló wà" sọ́tọ̀ ò lè jà á.

Ti àwọn baba wa wá ńkọ́? Bàbá àgbà tó bá di obì mú láàárọ̀ á kọ́kọ́ pe Ọlọ́run, á wá pe ẹbọra orí òkè, á pe àwọn baba ẹ̀, kó tó pa á. Kò sígbà tó máa sọ pé Ọlọ́run méjì ló wà, síbẹ̀ kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ló ń bọ. Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn Yorùbá, fún un lórúkọ tiẹ̀ ní 1962, ó ní ọ̀kan ni àmọ́ ó tàn ká ara àwọn òrìṣà. Ó wù mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Àìsáyà ń wí.

Torí náà, àbá tèmi: "ìgbàgbọ́ ọ̀kanṣoṣo" fún ti Àìsáyà, "àṣàsìn" fún kéèyàn ṣa ọ̀kan sìn láàárín ọ̀pọ̀.

"Ìgbàlà" náà kì í ṣe tuntun. Ẹni tí odò Ọya fẹ́ gbé lọ ní Lọ́kọ́ja tí wọ́n fà jáde, wọ́n gbà á là ni. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé inú ẹ̀ṣẹ̀ la ti ń gbà á. Bíbélì Yorùbá ló tún sọ ọ́ di kékeré: gbólóhùn Gíríìkì kan náà tó di "ìgbàgbọ́ rẹ gbà ọ́ là" ní Lúùkù 7:50, "mú ọ láradá" ló dà ní Máàkù 5:34. Ara yíyá wà nínú ìgbàlà látilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ti àkójọ ọ̀rọ̀ yẹn.