Níbo ni wọ́n ń fi yín jókòó sí nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí ara yín kọ oúnjẹ kan?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀pà ni ara tèmi kọ̀. Bí ó bá kan ètè mi, ètè náà yóò wú, ọ̀nà ọ̀fun mi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Nítorí èyí, láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún 6 títí mo fi di ọmọ ọdún 11, èmi nìkan ni mo ń jẹun ọ̀sán lórí tábìlì kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ lára. Kò sí ohun tó ṣe mí ní gbogbo ọdún 5 náà, mo sì mọ̀ pé nítorí ẹ̀mí mi ni wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ ìtàn tí àwọn yòókù ń sọ nídìí oúnjẹ, n kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kankan rí. Báwo ló ṣe rí fún ẹ̀yin?

Arìnnàkore: Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ṣì dára. Iwájú yàrá nọ́ọ̀sì ni tèmi wà, àwọn tó ń bì ni mo sì ń bá jẹun.

Ìyá Ìbejì: Wàrà ni ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ní ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì wọn kan, gbogbo ọmọ gba kéèkì, òun sì gba èso àjàrà mẹ́ta nínú ike. N kò lè bínú sí tíṣà, nítorí èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé pé kí wọ́n máa fún un ní èso. Ó gbé ike náà wálé láìṣí i. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìkejì rẹ̀, tí wàrà kì í ṣe ní nǹkan kan, kò fi ọwọ́ kan kéèkì tirẹ̀ náà. Ó ní bí àwọn bá ń bọ̀ nílé, àwọn máa ń di ọwọ́ ara àwọn mú.

Oníyèméjì: Ẹ má bínú o, ṣé wàrà lè ṣe ènìyàn tó bẹ́ẹ̀? Bí èmi náà bá mu ún, inú máa ń run mí, n kò sì sọ fún tíṣà kankan.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, tiyín yàtọ̀. Ṣúgà inú wàrà ni ikùn yín kò lè dà. Purotéènì inú rẹ̀ ni ara ọmọ mi ń bá jà bí ọ̀tá. Tiyín yóò lé yín dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tirẹ̀ lè gba ẹ̀mí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Olùkọ́ Àná: Ní ọdún àkọ́kọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì mi, mo fi òfin de ẹ̀pà pátápátá. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí gbogbo kíláàsì fi mọ ẹni tí òfin náà wà fún, tí wọ́n sì ń bi í léèrè ìgbà tí yóò kúrò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ṣètò tábìlì tí kò sí ẹ̀pà, tí ẹnikẹ́ni tí kò sí ẹ̀pà nínú oúnjẹ rẹ̀ lè jókòó sí. Ọṣẹ àti omi la fi ń fọ ọwọ́, nítorí oògùn apakòkòrò tí a ń fi pa ọwọ́ kì í mú ẹ̀pà kúrò.

Bàbá Kékeré: N kò fara mọ́ èyí, Olùkọ́. Ọmọ ọdún 5 kò lè mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fi òfin dè é, kí inú ẹni tó bá fẹ́ bí máa bí.

Arìnnàkore: Òfin wà nílé ẹ̀kọ́ tèmi, Bàbá Kékeré, bisikíìtì tí ẹnikẹ́ni kò ka ara páálí rẹ̀ ló sì gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún 9, ló mọ ibi tí abẹ́rẹ́ adrenaline mi wà, èyí tó ń gba ẹ̀mí là bí ara bá kọ oúnjẹ, òun náà ló sì sọ pé itan ni wọ́n ń gún un sí, nígbà tí tíṣà ṣì ń wá oògùn ara yíyún.

Bàbá Kékeré: Mo gbọ́. Àmọ́ kí òfin náà ṣì wà.

Oníyèméjì: Àbẹ̀kẹ́, ìwé tí wọ́n lẹ mọ́ tábìlì ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́: Orúkọ mi. Wọ́n sì ṣì í kọ.