Ìgbà wo gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ń wọ ẹran ara ọkàn fúnra ẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, Ìkòròdú ni mo wà, mò ń múra ìdánwò nọ́ọ̀sì. Mo ra ọkàn màlúù lọ́wọ́ alápatà ní ọjà Sábó, mo là á sórí tábìlì ìdáná, màmá mi ṣì ń bínú dòní. Mo rí i pé ògiri apá òsì nípọn ju tọ̀tún lọ dáadáa, ìyẹn yé mi, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, tọ̀tún ò kọjá ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tó dà mí láàmú ni ìdí aorta, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti apá òsì ọkàn, níbi tí valve ẹlẹ́wé mẹ́ta yẹn wà, ìyẹn ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Ihò kékeré méjì wà lẹ́yìn àwọn ewé ẹ̀, mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ọ̀kan, ó gba inú ẹran ọkàn lọ tààrà. Ìwé mi ní ìgbà tí ọkàn bá dẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ jù, pàápàá fún apá òsì. Mo wo fídíò bíi mẹ́ta, kò yé mi, ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ ní irọ́ ni, pé ìgbà tó bá fún pọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹran ọkàn tó fún pọ̀ ló ń tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ihò yẹn wọ inú ẹ̀ pa ni, àbí ewé valve tó ṣí ló ń bo ihò náà?