Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí òde ijó ọdún Kérésì àwọn ọmọ wa
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Àwa òbí mélòó kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, fẹ́ ṣe òde ijó fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà láàárín ọdún 13 sí 17, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí di aago mẹ́jọ alẹ́. A ti rí gbọ̀ngàn àti jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ kò sì jẹ́ ìṣòro. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí a ó ṣe mójú tó wọn láìsọ ibẹ̀ di yàrá ìdánwò. Lọ́dún tó kọjá, àwa àgbà to àga yí wọn ká. Ọmọ mi obìnrin dúró ti kúlà ohun mímu títí ilẹ̀ fi ṣú, èmi nìkan ni mo jó, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, àgbà mélòó ló tó fún ọgọ́ta ọmọ, ibo ni kí wọ́n sì dúró sí? Báwo ni a ṣe lè bá DJ ṣe àdéhùn kí ó má ṣe lo orin tó kún fún ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, síbẹ̀ kí àwọn ọmọ má máa sọ pé orin bàbá àwọn ló ń lò? Ṣé ó sì bójú mu kí a má jẹ́ kí ọmọ kankan jáde, àfi bí òbí tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá wá mú un?