Ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n kọ́: lórí orúkọ ìhámọ́ra àtijọ́ ti Yúróòpù àti ìjà tí wọ́n ń fi í jà lónìí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti àbúrò wa kan ní Houston, tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn tó ń rọ ìhámọ́ra àtijọ́ ti Yúróòpù, tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ jà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó béèrè orúkọ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbàdàn dáhùn pé kí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ "ìhámọ́ra", kí èyí tí wọ́n fi òrùka irin ṣe jẹ́ "ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n", kí èyí tí wọ́n fi irin fífẹ̀ ṣe jẹ́ "ìhámọ́ra aláwo", kí ìjà náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ "eré ogun". Ẹlòmíràn dá "gbérí irin" àti "ẹ̀wù ayẹta" lábàá. Mo fara mọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ takò èyí tó pọ̀. Leeds ni mò ń gbé, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Royal Armouries wà, mo sì wà lára àwọn tó ń ṣe nǹkan yìí nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Èrò mi kò ju pé kí a wo bí ọwọ́ ṣe ń ṣe ohun kan àti bí ara ṣe ń gbé e, kí a tó fún un lórúkọ.

Lórí ìhámọ́ra, mo wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wa. Bíbélì ti fi ọ̀rọ̀ náà sí wa lẹ́nu tipẹ́, kò sí ìdí láti wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí Éfésù orí 6: ìgbàyà wà níbẹ̀, apata wà níbẹ̀, àṣíborí wà níbẹ̀, idà náà sì wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń jẹ́ ìhámọ́ra. Gbogbo ẹrù jagunjagun ni, ohun tó fi ń gba ìjà àti ohun tó fi ń jà. A ò wá lè mú orúkọ gbogbo ẹrù pe ẹ̀wù kan ṣoṣo. Bí ẹni tí à ń bá múra bá ní kí n gbé ìhámọ́ra òun wá, gbogbo àpótí ni màá gbé dé, ó sì lè jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ irin nìkan ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń bá a rìn ni mo fẹ́ kí a tọ́jú jù lọ, ìyẹn dì. A máa ń sọ pé ó dìhámọ́ra, pé ó dira ogun. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé ìhámọ́ra ọ̀rúndún 15 sí ènìyàn lára yóò mọ̀ pé "wọ̀" kò tó o. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan láti ọ̀rúndún yẹn kọ́ni bí a ṣe ń múra fún okùnrin tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ jà: kó má wọ ṣẹ́ẹ̀tì kankan sábẹ́, àfi ẹ̀wù kan tí wọ́n dá ihò sí káàkiri, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, kí a máa gòkè bọ̀ títí dé orí. Inú ihò wọ̀nyẹn ni okùn ń gbà, okùn yìí ló sì ń so irin itan àti irin apá rọ̀ mọ́ ẹ̀wù. Bí okùn èjìká bá tú nígbà tí ìjà bá gbóná, irin apá á yọ̀ wálẹ̀ sórí ìgbọ̀nwọ́, olúwarẹ̀ ò sì ní lè na ọwọ́ mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ẹni ló ń bá ni dì í, tí yóò fa okùn kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn tó bá dì í tán. Dì ni ìṣe náà. Yorùbá ti ní in, kí a má fi "wọ̀" rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé kankan.

Wàyí o, ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó dúró. Bí Yorùbá bá gbọ́ pé "ó wọ ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n", aṣọ ẹlẹ́wọ̀n ni ọkàn rẹ̀ á lọ bá, àlàyé kan ò sì lè yí i padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀wọ̀n kọ́ ni nǹkan náà. Nínú ẹ̀wọ̀n, òrùka kan kọ́ èkejì, èkejì kọ́ ẹ̀kẹta, lórí ìlà kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀wù tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mail yìí, òrùka kọ̀ọ̀kan ló kọ́ mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. A ó wé wáyà mọ́ ọ̀pá irin títí yóò fi kún un, a ó gé e lẹ́yọ lẹ́yọ kó di òrùka, kí ẹnu kọ̀ọ̀kan gorí ara wọn díẹ̀. A ó fi òòlù lu ẹnu náà kó tẹ́, a ó lu ihò bíńtín sí i. Nígbà tí òrùka náà bá ti gba inú àwọn mẹ́rin yòókù kọjá, a ó ki ìṣó kékeré bọ ihò yẹn, a ó sì lù ú lórí títí yóò fi dì. Òrùka kan parí nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀wù kan, ẹ̀wù náà a sì máa wọn kílò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi gbọ́dọ̀ di ìgbànú lé e kí ìbàdí lè bá èjìká gbé díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe é fún ìgbafẹ́ kì í kan ìṣó sí i rárá, ẹ̀mú ni wọ́n fi ń pa ẹnu òrùka dé. Ó yá kíákíá, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí ṣóńṣó ohun ìjà bá gún un, ẹnu òrùka á là. Àwọn tó fẹ́ onìṣó láìfi ọdún ṣe é ń rà á láti Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é tà.

Híhun ni iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Ẹní ni wọ́n ń hun, agbọ̀n ni wọ́n ń hun, aṣọ ni wọ́n ń hun, irin ni wọ́n hun níbí. Àbá mi ni "ẹ̀wù irin híhun". Àwọn kan á ní ó gùn. Ní ibi iṣẹ́, "híhun" ni yóò kúrú sí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ irinṣẹ́ gbogbo ṣe ń kúrú lẹ́nu àwọn tó ń lò ó.

Ẹni tó mú gbérí wá ro ó dáadáa, nítorí gbérí ni ẹ̀wù ogun tiwa gan-an. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n rán mọ́ gbérí ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Ayẹta náà ńkọ́? Ọta ni wọ́n ní ó ń yẹ̀ kúrò lára ẹni. Òkígbẹ́ ní tirẹ̀, kí irin má lè gé ara ni. Ìhámọ́ra Yúróòpù kì í mú kí ohun ìjà tàsé ẹni. Ṣe ló ń gbà á: idà á balẹ̀ lórí rẹ̀, á dún, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n dé egungun. Tí a bá pe èyí ní ayẹta, a ti ba ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́. Ayẹta sì ti ní iṣẹ́ lóde òní, òun la fi ń pe ẹ̀wù tí ọlọ́pàá ń wọ̀ nítorí ìbọn. Kó máa bá ìyẹn lọ.

Ó dùn mí pé a sọ̀rọ̀ irin títí, kò sí ẹni tó mẹ́nu ba ẹ̀wù tó ń gba ènìyàn là jù, ìyẹn ẹ̀wù aṣọ nínípọn. Abẹ́ irin híhun ló máa ń wà, nígbà mìíràn òun nìkan ni ọmọ ogun tí kò lówó lọ́wọ́ ní. Irin híhun kì í jẹ́ kí idà gé awọ, ṣùgbọ́n kùmọ̀ lè ṣẹ́ egungun lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ rárá. Aṣọ nínípọn abẹ́ rẹ̀ ló ń gba agbára yẹn. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, tí wọ́n tò léra tí wọ́n sì rán pa pọ̀, tàbí tí wọ́n ki òwú sí láàárín. Àṣẹ kan láti ayé Louis kọkànlá, ọba Faransé láti 1461 sí 1483, sọ pé kí ìpele aṣọ jẹ́ 25 tàbí 30, kí awọ àgbọ̀nrín kan sì wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ Haúsá ní irú ẹ̀wù yìí, lífídì ni wọ́n ń pè é, àwọn ẹlẹ́ṣin tó wọ̀ ọ́ ṣì ń jáde tòun ti ẹṣin wọn nínú ìwọ́de ọdún Sálà ní Kánò. Ẹni tó bá fẹ́ kí a yá lífídì lọ́wọ́ wọn bí a ṣe yá àlùbọ́sà kò ṣẹ̀. Fún ti Yúróòpù, mo fara mọ́ "ẹ̀wù tìmùtìmù", nítorí ẹni tí kò rí i rí á mọ bó ṣe rí lára kó tó wọ̀ ọ́.

Ó ku aláwo. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, plate tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí níbí kì í ṣe ti ìjẹun. Àwọn kan ní kó jẹ́ "irin pẹlẹbẹ". Ìyẹn tọ̀nà fún ìgbà kan nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 1361, ní erékùṣù Gotland tó wà ní Sweden lónìí, ọmọ ogun Valdemar kẹrin ọba Denmark pa àwọn àgbẹ̀ tó jáde wá dínà fún un níwájú odi ìlú Visby. Inú kòtò ni wọ́n sin òkú náà pọ̀ sí, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìhámọ́ra lára. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú wọn ní ọ̀rúndún 20, wọ́n bá ẹ̀wù tí wọ́n kan irin kéékèèké mọ́ nínú. Èyí ni mo fẹ́ kí a pè ní "ẹ̀wù onípẹlẹbẹ", òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Ìhámọ́ra ọ̀rúndún 15 kò pẹlẹbẹ rárá. Ìtẹ̀kòrókòró rẹ̀ ni agbára rẹ̀, torí irin tó yọ síwájú ni ọ̀kọ̀ ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ẹni tó mọ irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ má dúró lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ kọjá sọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀lì-bítà. Láti ṣe àṣíborí, a ó gbé páànù irin tó nípọn tó mílímítà 2 sórí kùkùté igi tí a gbẹ́ kòtò sí lójú. A ó fi òòlù olórí ròbótó máa lù ú yípo, láti ẹ̀bá wá sí àárín. Etí rẹ̀ á kọ́kọ́ ká jọ bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. A ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìká yẹn pa ara rẹ̀ pọ̀, torí ibẹ̀ ni yóò ti là. A ó lù ú tẹ́ padà lọ́gán, ká tó máa bá ìyípo lọ. Kò sí ohun kan nínú èyí tí panẹ́ẹ̀lì-bítà kò mọ̀. Ó mọ bí irin ṣe ń nà, ó mọ ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Páànù lòun náà ń pè é. Nítorí náà "ìhámọ́ra páànù" ni mo dìbò fún, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé páànù òrùlé ti tàbùkù ọ̀rọ̀ náà. Ti ẹ̀yà ara kò le: àṣíborí, ìgbàyà, ìbọ̀wọ́ irin, ìborúnkún, ìbojúgun.

Eré ogun. Àwọn kan ní "eré" ń sọ iṣẹ́ náà di ti ọmọdé. Mi ò gbà, a ń sọ eré ìdárayá, a ń sọ eré orí ìtàgé. Àlébù rẹ̀ ni pé ó kó ohun méjì tí kò jọra pọ̀. Ní Tewkesbury, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Keje lọ́dọọdún, wọ́n ń ṣe ogun ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1471 padà lójú èrò. Ọba Edward kẹrin ló ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, òun náà ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun lọ́dún yìí. Eré ogun bá ìyẹn mu rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Society for Creative Anachronism, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọ ìhámọ́ra àtijọ́ jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní California lọ́dún 1966, tí ìpàdé ogun ńlá wọn ní Pennsylvania ń kó èèyàn tó ju 10,000 jọ. Idà wọn pankẹ́rẹ́ ni, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, pankẹ́rẹ́ kan náà tí gbogbo wa mọ̀ ní ilé ìwé. Wọ́n yàn án torí pé kì í ṣẹ́ di ṣóńṣó tó lè wọ ojú, ṣe ló máa ń fọ́nká bí ó bá gbó. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò borí. Kò sì sí adájọ́ tó ń ka iye ìgbà tí idà bani: ẹni tí idà bà ni yóò sọ fúnra rẹ̀ pé eléyìí pa mí, á sì dùbúlẹ̀. Àwọn ti Battle of the Nations, ìdíje ìjà láàárín orílẹ̀-èdè, tó bẹ̀rẹ̀ ní Khotyn ní Ukraine lọ́dún 2010, irin gidi tí kò mú ni wọ́n ń lò, ẹni tí ohun mìíràn lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kan ilẹ̀ ti jáde. Ìjàkadì ni ìdajì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu wa, ó dá a. Fiore dei Liberi, olùkọ́ idà ará Ítálì tó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 1409, ìjàkadì lòun náà kọ́kọ́ kọ́ni kó tó kan idà.

Ohun tí a kò mọ òpin rẹ̀ kì í ṣe eré ogun. "Ìjà ìhámọ́ra" ni kí a pè é. Ìgbáradì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó igi tí à ń nà títí apá yóò fi mọ̀ ọ́n, kí a pè é ní ìgbáradì, ká má pè é ní ìdánwò. Lórí orúkọ sànmánì tí ìhámọ́ra yìí ti wá, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Middle Ages, mo bẹ àbúrò wa kó má gbàgbé láti fi "ti Yúróòpù" sí ẹ̀yìn "sànmánì agbedeméjì", nítorí Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ kò sí láàárín ohunkóhun ní 1361.

Ìṣó tí mo ń lò lókè, rífẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń wí. Mo fẹ́ "ìṣó olórí-méjì", torí ojú méjèèjì ni wọ́n ti ń lù ú. Kí àbúrò wa tó tẹ ìwé náà jáde, kí ẹ̀yin tó wà ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ yà lọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀lì-bítà àdúgbò yín, kí ẹ ní kó lu páànù níwájú yín, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá èyí tó ń pe lílù fẹ́ẹ́rẹ́ ìkẹyìn tó ń pa àpá òòlù rẹ́. "Lílù dán" ni mò ń pè é. Bí tiwọn bá dára jù, tiwọn ni kó wọ inú ìwé.