Ata ilẹ̀ pupa àti àgbo inú ike fún orúnkún màmá mi

Ọmọ Ìkéré
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ màmá mi. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n, Ìkéré-Èkìtì la wà. Dókítà ya fọ́tò orúnkún wọn, ó ní ohun tó dà bíi tìmùtìmù láàárín egungun méjèèjì ti jẹ. Ibuprofen, oògùn ìrora tó kọ fún wọn, ń ta wọ́n nínú, ni wọ́n bá pa á tì. Ìyá tó ń gúnyán fún odidi agboolé wá di ẹni tó ń jókòó wo odó. Ó ń dùn mí gan-an.

Wọ́n ń lọ ata ilẹ̀ pupa (turmeric), wọ́n ń fi omi gbígbóná mu ún láràárọ̀. Aládùúgbò wa tún ra àgbo inú ike kan fún wọn ní gáréèjì, kò sí orúkọ ewé kankan lára rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀! Ó ti pé oṣù méjì báyìí, ojú wọn sì ń wú rọ̀bọ̀tọ̀. Èwo ni ká dì mú?

Apòògùn Adó
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Àgbo yẹn ló bà mí lẹ́rù. Egbòogi kì í yára báyẹn lórí orúnkún tó ti jẹ. Àwọn kan máa ń po oògùn òyìnbó mọ́ ọn láìsọ. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa Artri King tí wọ́n ń tà fún oríkèé ríro: diclofenac (oògùn ìrora) àti dexamethasone (oògùn steroid) wà nínú rẹ̀, kò sì sí lára páálí. Dexamethasone a máa mú ojú wú, a máa gbé ìfúnpá àti ṣúgà sókè. Ṣùgbọ́n ẹ má dá àgbo náà dúró lójijì o! Bó bá jẹ́ dexamethasone ló wà nínú rẹ̀, ara màmá ti lè gbára lé e, wọ́n lè dákú. Ẹ gbé ike náà lọ bá dókítà lónìí.

Ní ti ata ilẹ̀ pupa, ìwádìí kan láti Thailand ní 2014 fi oje tí wọ́n fà yọ lára rẹ̀, 1,500 mílígíráàmù lóòjọ́, wé ibuprofen 1,200 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lára ènìyàn 367. Ìrora orúnkún dín kù bákan náà, inú rírun sì kéré lọ́dọ̀ àwọn tó lo ata ilẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹ̀fun ọjà ni wọ́n lò. Curcumin, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ata ilẹ̀ pupa, kò ju bíi gíráàmù 3 lọ nínú 100 gíráàmù ìyẹ̀fun; màmá á mu ju ṣíbí tíì 10 lọ lóòjọ́ kí wọ́n tó dé ìwọ̀n tí ìwádìí náà lò. Bí wọ́n bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n má fi ata ilẹ̀ pupa kún un rárá.

Bàbá Ìkọ̀lé
Ọmọ mi, ìpara capsaicin, ohun tó ń ta nínú ata, ni wọ́n fún èmi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó jó mi bí iná, lẹ́yìn náà ó rọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú. Ẹ má sì lọ ata tútù lé e, awọ á bó.

Ọmọ Ìkéré
A ti lọ. Ìfúnpá wọn ga lóòótọ́. Dókítà fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìrora ti padà, wọ́n sì ń bínú sí mi pé mo gba àgbo wọn. Ẹ ṣeun, mo ń lọ wá ìpara Bàbá.