Èsì: Ta ló ní ká máa pe asẹ́ńtì ní "ohùn-agbègbè"?

Ẹ̀yin ará àpérò èdè, ẹ kú iṣẹ́.

Àròkọ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. Ó dá lórí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lóríṣiríṣi, ó sì dùn ún kà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, "ohùn-agbègbè", wọ́n ní òun ni ká máa fi pe asẹ́ńtì, ìyẹn bí àwọn ará ibì kan ṣe ń pe ọ̀rọ̀ lọ́nà tiwọn. Wọ́n tún ní ìlú tí èèyàn bá ń gbé ni yóò fún un ní ohùn, pé kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n ò gba ọ̀rọ̀ náà, n ò sì gba àlàyé tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú "ohùn" ná. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀: iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe nínú gírámà wa nìyẹn, òun ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "ohùn" Boston yàtọ̀ sí "ohùn" Texas, òkè àti ìsàlẹ̀ ni yóò máa wá kiri. Kò ní rí i, nítorí inú fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáńtì ni ìyàtọ̀ náà wà.

Ní Boston, r ló ń pòórá. Bí r bá wà lẹ́yìn fáwẹ́lì, tí fáwẹ́lì mìíràn kò sì tẹ̀ lé e, wọn kì í pè é: "car" á di káà, "park" á di páàk. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, r náà á padà. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fi r síbi tí kò sí rárá, bíi "idear of" dípò "idea of". Ìdí nìyẹn tí àṣírí ẹni tó ń sín wọn jẹ fi tètè ń tú. Yóò máa yọ r kúrò níbi gbogbo, kò ní mọ̀ pé r ṣì wà nínú "car is" lẹ́nu ọmọ Boston.

Ní Gúúsù, láti Georgia dé Texas, fáwẹ́lì inú "time" ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Ibòmíràn, a ni yóò bẹ̀rẹ̀, i ni yóò parí. Lẹ́nu wọn, i náà á já dànù, á wá ku a gbọọrọ. "Pin" àti "pen" sì di ọ̀kan náà, nítorí wọn kì í ya fáwẹ́lì méjèèjì sọ́tọ̀ bí n tàbí m bá tẹ̀ lé wọn. "Pit" àti "pet" kò dàrú o. Aránmúpè tó wà lẹ́yìn fáwẹ́lì ló ń fà á. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sọ "ink pen", kí ẹni tó ń gbọ́ má baà rò pé "pin" ni wọ́n ń béèrè.

Ìlú etí àwọn Adágún Ńlá (Great Lakes) ló tún wá ga jù: Chicago, Detroit, Cleveland, Buffalo, Rochester, Syracuse. Níbẹ̀, àwọn fáwẹ́lì ń lé ara wọn kiri bí èrò inú mọ́tò ṣe ń sún fún ara wọn. Ti "cat" gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi kíat. Ààyè rẹ̀ ṣófo, ti "cot" bọ́ síbẹ̀. Ti "caught" náà sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí "cot" wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dá pe "block", "black" ni àlejò máa gbọ́. William Labov, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, rò pé omi tí wọ́n gbẹ́, Erie Canal, ló dá a sílẹ̀. Ọdún 1817 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, wọ́n parí ní 1825, ẹgbàágbèje èèyàn tí pípè wọn kò bára mu sì dà pọ̀ sí àwọn ìlú etí rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń fi pípè yìí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo èyí, níbo lẹ ti rí ohùn?

Ẹ wá wo "agbègbè". Ní 1962, William Labov yìí kan náà lọ sí ilé ìtajà ńlá mẹ́ta ní New York: Saks tí àwọn olówó ń ná, Macy's tí àwọn tí ọwọ́ wọn tó ẹnu ń ná, àti S. Klein tí ọjà rẹ̀ pọ́ọ́kú. Yóò béèrè ohun tó ti mọ̀ pé àjà kẹrin ló wà, kí òǹtajà lè dáhùn pé "fourth floor". Lẹ́yìn náà yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí onítọ̀hún tún un sọ, kó sì fara balẹ̀ pè é. Ó di kọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Òǹtajà 264 ló dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni r láǹfààní láti jáde lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Saks, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe r ní gbogbo ìgbà tàbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Macy's, ìdá 51. Ní S. Klein, nǹkan bí ìdá 20. Inú Manhattan ni ilé ìtajà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Bó bá jẹ́ agbègbè nìkan ni, kí ló yà wọ́n?

Ṣáájú ìyẹn, ó ti wádìí ní Martha's Vineyard, erékùṣù kan ní etíkun Massachusetts, ó sì fọ̀rọ̀ wá ọmọ bíbí ibẹ̀ 69 lẹ́nu wò. Fáwẹ́lì inú "right" àti "house" ló ń tẹ́tí sí: àwọn kan kì í lanu tó bó ṣe yẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àárín ẹnu ni wọ́n ti ń pè é. Àwọn apẹja Chilmark ló pè é bẹ́ẹ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ràn erékùṣù náà, tó fẹ́ kú síbẹ̀, pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń múra àtilọ kò pè é. Erékùṣù kan náà ló bí gbogbo wọn o.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti King of Prussia, lẹ́bàá Philadelphia, ìwádìí tí onímọ̀ èdè Arvilla Payne ṣe. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kó wá láti ibòmíràn tètè kọ́ púpọ̀ nínú pípè ibẹ̀, àgàgà àwọn tó dé ní kékeré. Fáwẹ́lì inú "go" àti "home" kò ṣòro fún wọn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní Philadelphia tó fẹ́ kí fáwẹ́lì inú "mad", "bad" àti "glad" le (kó gùn, kó sì gòkè lẹ́nu), kí ti "sad" sì rọ̀. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni lè fi méfò rẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ bá a nílé ni. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ gan-an, tí òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, sábà máa ń ṣì í. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni "ìpè". Ìpè Boston, ìpè Gúúsù, ìpè Philadelphia. "Pè" yìí ló wà nínú afipè, ó wà nínú aránmúpè, ó wà nínú àsénupè. Ṣé a ó wá fi mọ́fíìmù (ègé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀) tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí sílẹ̀, ká lọ di ẹrù lé ohùn lórí?

Láti Abẹ́òkúta.

*

Àbúrò mi, o kú àròjinlẹ̀. Ìwádìí tí o kó jọ dára. Ibi tí o parí rẹ̀ sí ni kò dára.

"Ẹyin lohùn." Ṣé òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń balẹ̀ tó ń fọ́ níbẹ̀? Ohùn ti wà fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti bí a ṣe ń gbé e jáde kí onígírámà kankan tó yá a lò. Ohùn ìjálá kì í ṣe ohùn rárà, kò sì sí ẹni tó rò pé àmì orí fáwẹ́lì là ń sọ. Àwọn àgbà tó kọ́ wa lédè, bí àlejò bá lanu lọ́jà, tó pe ilé ní "ulé", wọ́n á ní "ohùn Ìjẹ̀ṣà lèyí". Ulé àti ilé, fáwẹ́lì ló yà wọ́n, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ohùn làwọn àgbà pè é síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn tó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lónìí kì í bi ẹnikẹ́ni mọ́ kí wọ́n tó dá a.

O ní kò sí òkè àti ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Ó wà. Ní Pittsburgh, wọ́n máa ń béèrè ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ohùn á ti já wálẹ̀ kí ìbéèrè náà tó parí, níbi tí àwọn ará ibòmíràn ti máa gbé e sókè. Àwọn ará Gúúsù tí o dárúkọ ń fa sílébù kan di méjì, "bed" á di bẹ́yẹd, ohùn á gòkè, á sì sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ni o fẹ́ ká pe ìyẹn? Ìpè?

"Ìpè" tìẹ yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Ìpè Ọlọ́run ni mo mọ̀. Bí o bá kọ "ìpè Boston" sórí ìwé, ẹni tó kà á á rò pé Boston ránṣẹ́ pe ẹnì kan. Bó bá jẹ́ pé mọ́fíìmù "pè" lo fẹ́, "àpèsọ" ìbá sàn, ì- yẹn ló ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́.

Agbègbè ni mo lè gbà fún ọ pé kò tó. Kí ẹ̀gbọ́n yọ ọ́, kó ku ohùn. Ohùn Boston, ohùn Texas, ohùn Gullah ti etíkun South Carolina. Ó parí.

Láti Ọ̀yọ́.

*

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà.

Àpèsọ ńkọ́? Pè kí o tó sọ, àbí sọ bí ẹni tó ń pè? Bàbá, ẹ fi ì- sílẹ̀ kó jókòó síbi tó wà. Ìpè ni mo fara mọ́, àmọ́ n ò wá torí rẹ̀.

Àròkọ tí gbogbo yín ń tọ́ka sí kó "soda", "pop" àti "coke" mọ́ asẹ́ńtì. Ìyẹn kì í ṣe ìpè, kì í ṣe ohùn pẹ̀lú. Orúkọ ẹlẹ́rìndòdò ni. Ẹni tó ń sọ "pop" lè kó lọ sí Atlanta, kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "coke" láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí fáwẹ́lì rẹ̀ má sún rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ìpè ẹnì kan wò, ẹ má kọ "pin" àti "pen" síwájú rẹ̀. Bó bá ti rí lẹ́tà, yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ tipátipá. Ẹ bi í léèrè pé kí ni a fi ń kọ̀wé, ẹ sọ nǹkan mìíràn, kí ẹ tó béèrè ohun tí télọ̀ fi ń di aṣọ mú kó tó rán an. Bákan náà ni ti "cot" àti "caught", tó ti di ọ̀kan ní Ìwọ̀-Oòrùn àti ní Pittsburgh: ẹ jẹ́ kó sọ irú bẹ́ẹ̀dì tí ṣọ́jà ń ká tó sì ń gbé kiri, kó sì sọ ohun tí apẹja ṣe sí ẹja lánàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbàgbọ́.

Ká ní "pin" àti "pen" bá ara mu lẹ́nu rẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ará Gúúsù ni. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Chicago tàbí Detroit ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà aláwọ̀ dúdú kúrò ní Gúúsù, wọ́n kó ìpè wọn dání, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì pa á mọ́. Fáwẹ́lì Adágún Ńlá tí wọ́n bá níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò gbà á. Ìlú kan náà, ìpè méjì. Ìdí tí "agbègbè" ò fi lè dúró nìyẹn, mo dúpẹ́ pé bàbá ti gbà.

Ṣùgbọ́n bàbá, "ohùn Gullah" tí ẹ kọ yẹn kò ṣeé gbà. Gullah kì í ṣe ọ̀nà kan láti fi pe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ni, ó ní gírámà tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ni onímọ̀ èdè Lorenzo Dow Turner lọ bá àwọn tó ń sọ ọ́ ní àwọn erékùṣù South Carolina àti Georgia, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1949 kún fún orúkọ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, orúkọ Yorùbá sì wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwa ló yẹ ká kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò tún máa fi í sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àtòkọ yẹn kí ẹlòmíràn tó dà á kọ.

Láti Houston.