Ọ̀rọ̀ wo ni ká gbà, èwo ni ká kọ̀, nínú eré ọ̀rọ̀ Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi dá eré kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀rọ̀ Yorùbá oní-lẹ́tà márùn-ún lèèyàn máa mọ̀. Àríyànjiyàn ò jẹ́ ká ṣe é dáadáa mọ́.

Wàhálà gb kò le lójú tèmi. Lẹ́tà kan ni nínú lẹ́tà 25 tí a ní, torí náà àgbàdo wọlé, gbogbo kò wọlé.

Ọ̀rọ̀ àyálò ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní ká yọ fóònù àti ṣọ́ọ̀ṣì kúrò. Mo bi wọ́n pé àdúrà ńkọ́, tó wá látinú èdè Lárúbáwá? Wọ́n ní ìyẹn ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ọdún mélòó ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lò kó tó di ọmọ ilé? Ohun tí ìyá mi ń sọ lọ́jà lójoojúmọ́, Yorùbá ni lójú mi.

Àwọn ará Èkìtì náà ń bínú. Ilé ni ìwé kọ, ulé ni wọ́n ń pè é nílé wọn. Ṣé ká gba ẹ̀ka èdè gbogbo, àbí ti ilé ìwé nìkan?

Èébú, mi ò fẹ́ rárá, torí àwọn ọmọdé ń bá wa ṣe é.

Àmì ohùn ló ṣì rú mi lójú jù. Bí a bá fò ó, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà. Bí a bá sì ní dandan ni, fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ rò pé ká ṣe?